Ẹ ti orí páànù bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ ilé Èkó-Ẹ̀pẹ́ sínú Cities: Skylines

Ojú òkè la ti ń wo ìlú nínú Cities: Skylines, géèmù kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ ìlú. A kì í wò ó bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ kanlẹ̀kùn. Bí àwòdì tó ń ràbàbà la ṣe ń wò ó. Ohun tí àwòdì sì kọ́kọ́ ń rí lára ilé ni òrùlé.

Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ẹ̀pẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe ọnà tó yí fèrèsé rẹ̀ ká, òrùlé rẹ̀ kò sì gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo gbé e sínú ìlú, kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kankan tí yóò mọ̀ ọ́n ní ilé wa. Òrùlé aláwọ̀ eérú kan tó mọ́ tónítóní ló ń wò mí, fèrèsé tí mo pa ara mi lé lórí kò hàn rárá. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Géèmù àkọ́kọ́ ni mo ń sọ o, èyí tí Colossal Order ti ilẹ̀ Finland ṣe, tí Paradox Interactive gbé jáde ní 2015, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tó jáde ní 2023 ní ètò tirẹ̀. Lẹ́yìn géèmù náà, ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: Blender fún kíkọ́ ilé, GIMP fún àwọ̀ rẹ̀ (ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì), fóònù tó ń ya fọ́tò, tépù tí birikilà fi ń wọn nǹkan, àti ìwé kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.

Ilé wo ni kí ẹ mú?

Ẹ lè fẹ́ fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tó wà ní Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845. Ilé tó níyì ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹ kò lè to ogún irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kan kí ó jọ ìlú. Ilé tí kò lórúkọ, tí èèyàn ń gbé, tí aṣọ wà lórí okùn níwájú rẹ̀, ìyẹn ló ń sọ géèmù di ìlú wa.

Ẹ̀pẹ́ pín sí méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí omi wá sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá ló jókòó. Àwọn ọmọ wọn ló ń ṣe ọdún Káyókáyó títí dòní. Nítorí okùn ẹbí yìí, ohun tó bá dé Èkó kì í pẹ́ kó tó dé Ẹ̀pẹ́, irú ilé tí àwọn birikilà àti kápẹ́ńtà Àgùdà mú ti Bràsíl bọ̀ náà kò gbẹ́yìn: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín tí yàrá kọjú síra lọ́tùn-ún lósì, bákónì onígi lókè, àti òrùlé páànù tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin. Irú ilé yìí la fẹ́ kọ́.

Ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ tépù

Ní agboolé tí mo ti wọn tèmi, Àlàájà kan ló jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ìrẹsì. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ilé o, Àlàájà.”

“Káàbọ̀. Ọmọ ta ni ẹ́?”

Mo sọ orúkọ bàbá mi àti àdúgbò wa. Ó wo tépù ọwọ́ mi. “Ta ló fẹ́ ra ilé?”

Ó tọ́ kó bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé tépù wá sídìí ilé àtijọ́ lóde òní, ẹni tó fẹ́ wó o ni wọ́n máa ń rò pé ó rán an. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fi géèmù náà hàn án lórí fóònù, mo ní, “Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, mà. Eré orí kọ̀ǹpútà kan la fẹ́ gbé e sí, kí irú ilé tiwa náà lè wà níbẹ̀.”

Ó wò ó títí. “Wọn ò ní wó o nínú ìyẹn?”

Mo ní wọn ò ní wó o. Ó ní kí n máa wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ ya fọ́tò inú ilé, n kò sì gbọdọ̀ ya àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí gbogbo wa ṣe: ara ìta ilé nìkan, kí a má kọ orúkọ ẹbí tàbí nọ́ńbà ojúlé sí ara iṣẹ́ nígbà tí a bá gbé e síta. Ẹ rántí ìlérí tí mo ṣe yẹn, a óò padà dé ìdí rẹ̀.

Wíwọn ilé

Mítà kan nínú Blender, mítà kan náà ni nínú géèmù, nítorí náà ìwọ̀n gidi ló yẹ kí ẹ lò, kì í ṣe ìfojúdá. Ilẹ̀ géèmù pín sí ojú onígun mẹ́rin tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 8. Ilé tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ibùgbé kò gbọdọ̀ ju ojú 4 lọ ní ìbú àti ojú 4 sẹ́yìn. Ilé tí mo wọ̀n fẹ̀ ní mítà 14.6 níwájú, ó sì wọlé ní mítà 11. Ó wọ inú ojú 2 sí 2, ìyẹn mítà 16 sí 16, ó sì ku mítà 5 ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má fi mítà 5 yẹn ṣòfò, ibẹ̀ ni ilé ìdáná ń wà.

Gíga ni tépù kì í lè wọ̀n. Fẹ́ǹsì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Búlọ́ọ̀kù wa ga ní ínǹṣì 9. Bí ẹ bá ka símẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kọ́ọ̀sì kan (ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, tí kọ́ọ̀sì mẹ́rin sì jẹ́ mítà kan. Bí fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, tó sì bá ògiri iwájú rẹ̀ dọ́gba, ẹ sún sẹ́yìn dáadáa kí ẹ ya méjèèjì pọ̀ nínú fọ́tò kan, kí fóònù má dojú sókè. Ẹ ka kọ́ọ̀sì fẹ́ǹsì, kí ẹ wá fi gígùn rẹ̀ nínú fọ́tò wọn ògiri títí dé etí òrùlé. Kọ́ọ̀sì 27 ni mo rí, mítà 6.8 nìyẹn.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí, fèrèsé ọ̀tún lè fi ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ti òsì lọ. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ìbejì, ilé náà á jọ èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ tà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí òrùlé ilé ìdáná ti rẹlẹ̀, kí ẹ wọn ìbú páànù kan láti etí kan sí èkejì bó ṣe hàn. Ẹ wá padà síwájú, kí ẹ ka iye páànù tó wà ní etí òrùlé ńlá. Ẹ fi iye náà sọ ìbú páànù kan di púpọ̀. Bí ó bá fi nǹkan bíi mítà kan ju ìbú ògiri lọ, ẹ ti ṣe é dáadáa, nítorí òrùlé máa ń yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá jìnnà sí i, ẹ ti ṣi kà.

Fọ́tò

Ẹ lọ kí oòrùn tó gbóná, tàbí lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Fọ́tò ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ lò, òjìji etí òrùlé sì wà lára ògiri nínú gbogbo rẹ̀. Géèmù náà ń ta òjìji tirẹ̀. Nígbà tí méjèèjì pàdé, ògiri ní òjìji méjì, ọ̀kan ń yí bí oòrùn inú géèmù ṣe ń yí, èkejì dúró gbári síbì kan. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ nù ún kúrò lẹ́yìn ìyẹn.

Fún òrùlé, ẹ má gun ilé onílé. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀sà, ẹni tó bá dúró lórí òkè lè wo orí ilé tó wà nísàlẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, àwòrán sátẹ́láìtì orí Google Maps yóò fi bí òrùlé ṣe pín hàn yín, àti ibi tí wọ́n ti fi páànù tuntun lé ti àtijọ́.

Kíkọ́ ọ nínú Blender

Ẹ ṣí Blender, ẹ fi ìwọ̀n sí mítà. Àpótí tó bá wà lójú yín, ẹ má pa á rẹ́, òun gan-an ni yóò di ilé. Ẹ tẹ N, ẹ kọ 14.6, 11 àti 6.8 sí àyè Dimensions, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl+A kí ẹ yan Scale. Ẹni tó bá gbàgbé Ctrl+A yìí ni ilé rẹ̀ ń dé inú géèmù tí kò tó kóró ẹ̀pà.

Ctrl+R ni a fi ń gé ògiri sí ìpele, E ni a fi ń fà á jáde. Ọ̀nà yìí ni kí ẹ fi fa bákónì síta. Ẹ má gbẹ́ fèrèsé jinlẹ̀. Kíkùn ni ẹ ó kùn ún. Ohun tó yẹ kí ó ní ara tirẹ̀ ni ohun tó ń ta òjìji: bákónì, òpó rẹ̀, àti etí òrùlé tó yọ síta ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Igi tí kápẹ́ńtà fi ẹ̀rọ yí tí ó tò sí etí bákónì, ẹ má ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún igi yóò mú onígunmẹ́ta (àwọn ojú kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń ya ilé) bí ẹgbẹ̀rún wá. Ojú pẹlẹbẹ kan ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ ya igi náà sára rẹ̀, kí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí _a wá sọ fún géèmù ibi tó jẹ́ ihò: dúdú ni ihò, funfun ni igi. Ojú kan ṣoṣo ni géèmù ń fi hàn, nítorí náà ẹ da ojú pẹlẹbẹ yẹn kọ, kí ẹ yí ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ pẹrẹsẹ lè má rántí. Ẹ fa ìsàlẹ̀ ògiri wọ inú ilẹ̀ ní mítà 2. Bí ẹ bá gbé ilé sí ibi tó dà bí ti Ẹ̀pẹ́, apá kan rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀, àfi bí ìpìlẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ dè é.

Ilé tèmi parí sí onígunmẹ́ta 1,460. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tan Face Orientation. Ojú tó bá jẹ́ búlúù kọ síta, èyí tó bá pupa kọ sínú, kò sì ní hàn nínú géèmù. Ẹ mú gbogbo rẹ̀, kí ẹ tẹ Shift+N. Ẹ wá fi Ctrl+J so ohun gbogbo pọ̀ di ẹyọ kan, pẹ̀lú material (ohun tó ń sọ bí ojú ara ilé ṣe rí) kan ṣoṣo. Bí iná bá ń lọ lọ́dọ̀ yín bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa, ẹ máa fi orúkọ tuntun pamọ́ ní gbogbo ìdajì wákàtí: ile_epe_01, ile_epe_02. Ẹ má fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì.

Páànù

Ibí ni iṣẹ́ wà. Awọ ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní texture, jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo ara ilé ń pín lò. Mo ń lo pixel 1024 sí 1024 (pixel ni àwọn àmì tótó tó para pọ̀ di àwòrán). Nígbà tí ẹ bá tẹ U láti tú ilé náà ká bí ẹní ń tú páálí, ẹ fún òrùlé ní ìdajì àwòrán náà. Ògiri iwájú yóò gba èyí tó pọ̀ nínú ìdajì kejì, ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò pín ibì kan náà lò, ẹ̀yìn yóò gba èyí tó kù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí kòtò àti gegele ara páànù dojú kọ. Láti orí òkè òrùlé ni ó gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀kalẹ̀ wá sí etí, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà. Òrùlé tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin ní ojú mẹ́rin, Blender sì lè tẹ́ méjì nínú wọn sí ìbúlẹ̀. Ẹ yí wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ kí òjò rọ̀ sórí páànù rí yóò mọ̀ pé nǹkan kò tọ́, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n. Páànù gidi, láti gegele kan sí èkejì kò ju sẹ̀ǹtímítà 7.6 lọ. Bí òrùlé mítà 16 bá wà lórí pixel 512, mítà kan ní pixel 32, gegele kan kò sì ní ju pixel méjì àti díẹ̀ lọ. Ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kì í hàn bíi páànù. Bí ẹ bá ti ń sún kámẹ́rà, gbogbo òrùlé á máa gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nítorí náà mo ń fẹ̀ ẹ́: sẹ̀ǹtímítà 20 ni mo ń fi sáàárín gegele méjì, ìyẹn pixel mẹ́fà. Kò bá ìwọ̀n gidi mu, ṣùgbọ́n láti òkè, òun ló jọ páànù. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń fi tépù sílẹ̀ tẹ̀lé ojú.

Wàyí o, ògùn-ún. Ẹ má da àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan bo gbogbo òrùlé. Ẹ wo páànù àtijọ́ kan dáadáa. Ògùn-ún kì í mú gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìṣó sì wà ní ìlà tó dọ́gba, níbi tí igi ìdábùú wà lábẹ́ páànù. Ó tún ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí páànù kan gun orí èkejì, nítorí omi máa ń há sáàárín wọn. Láti ibi méjèèjì yìí ló ti ń ṣàn tẹ̀lé òjò, tó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Nínú GIMP, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo kọ́kọ́ fi àwọ̀ fàdákà tó ti ṣú kun gbogbo rẹ̀. Mo fa ìlà ìṣó ní mítà kan-kan, ìyẹn pixel 32. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan mo fi pupa rúsúrúsú kán tótó síbi tí ìṣó wà, mo wá fi ìka Smudge fa ìkán kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, òmíràn gùn, òmíràn kúrú. Níbi tí páànù ti gun ara wọn, mo fi àwọ̀ tó ṣú bí ìdí ìkòkò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

Páànù tí wọ́n pààrọ̀ wá kù. Kò sí òrùlé àtijọ́ ní Ẹ̀pẹ́ tí páànù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Níbi tó ń jò ni wọ́n ti ń yí i, méjì níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Nínú ilé tí mo wọ̀n, páànù mẹ́ta ló mọ́lẹ̀ lápá òsì lókè. Mo fi mẹ́ta síbẹ̀ gan-an. Nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí _s, tó ń sọ ibi tó ń dán, ẹ fi funfun sí àwọn tuntun wọ̀nyí, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi ògùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bí oòrùn inú géèmù bá ti lọ sí ìwọ̀ oòrùn, mẹ́ta yẹn nìkan ni yóò kọ mànà, bó ṣe ń rí gan-an ní ìrọ̀lẹ́.

Ògiri kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fọ́tò yín ṣe é, kí ẹ rántí ẹrẹ̀ pupa tí òjò ń ta sí ìdí rẹ̀ tó nǹkan bí orókún. Fáìlì _i ni fún iná alẹ́. Ibi tó bá dúdú kò ní tàn, nítorí náà ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, kí ẹ wá fi àwọ̀ eérú sí fèrèsé mélòó kan. Mo máa ń fi ti yàrá àárín sílẹ̀ láìtàn.

Gbígbé e wọ inú géèmù

Ẹ kó ilé jáde ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní FBX. Fódà tí gbogbo rẹ̀ ń lọ wà nínú AppData, tí Windows máa ń fi pamọ́, ẹ tan àwọn fódà tó fara pamọ́ kí ẹ tó lè rí i: AppData, Local, Colossal Order, Cities_Skylines, Addons, Import. Orúkọ ló ń so fáìlì mọ́ra wọn: ile_epe.fbx, ile_epe_d.png fún àwọ̀, ile_epe_s.png, ile_epe_a.png, ile_epe_i.png. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀, géèmù kò ní rí àwòrán náà, ilé yóò sì wọlé ní funfun.

Ẹ má gbàgbé ile_epe_lod.fbx àti ile_epe_lod_d.png. Bí kámẹ́rà bá ti jìnnà, LOD yìí ni géèmù ń fi rọ́pò ilé yín, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn la máa ń wà jù. Bí ẹ kò bá ṣe é, géèmù á ṣe tirẹ̀, ohun tó sì ṣe fún mi jọ ẹ̀kọ tó yọ́. Àpótí kan àti òrùlé rẹ̀ ti tó, onígunmẹ́ta ọgọ́ta, àwòrán 128 sí 128. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ tọ́jú: kí àwọ̀ òrùlé LOD jẹ́ àpapọ̀ àwọ̀ òrùlé gidi. Ẹ dín àwòrán òrùlé ńlá kù nínú GIMP, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, dípò kí ẹ tún un kùn. Bí wọ́n bá yàtọ̀, gbogbo àdúgbò á máa pààrọ̀ àwọ̀ bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn.

Nínú géèmù, ẹ lọ sí Asset Editor, ibi tí a ti ń fi ilé tuntun kún un, ẹ yan ilé ibùgbé tí kò gbèrò púpọ̀, tó jẹ́ 2 sí 2, gẹ́gẹ́ bí àwòkọ. Ìwà ilé àwòkọ yẹn ni ilé yín yóò jogún. Ẹ yan ile_epe nínú àwọn tó wà ní Import. Bí ó bá kéré jù, àyè Scale wà níbẹ̀, ẹ gbìyànjú 100. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí títì, ẹ yí i. Ẹ fi pamọ́, ẹ ṣí ìlú tuntun, ẹ ya ilẹ̀ ibùgbé sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì kan, kí ẹ dúró títí mẹ́wàá yóò fi hù níbẹ̀.

Mẹ́wàá yẹn ni ìdánwò tòótọ́. Páànù mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ lórí ilé kan dùn-ún wò. Lórí ilé mẹ́wàá, ní ibì kan náà, ojú á rí i pé ẹ̀dà ni. Ẹ ṣe irú mẹ́ta: ẹ̀kejì kí ògùn-ún pọ̀ sí i, ẹ̀kẹta kí páànù tuntun wà lẹ́yìn. Ọ̀sán kan ni ìyẹn gbà mí.

Ìlérí tí mo ṣe fún Àlàájà sì wà níbẹ̀. Bí àdúgbò bá ti ń gbèrú nínú géèmù yìí, ó ń fi ilé mìíràn rọ́pò èyí tó wà tẹ́lẹ̀ láìbi yín. Ilé mẹ́ta ti lọ lójú mi kí n tó mọ̀. Ẹ tẹ ilé kọ̀ọ̀kan, àmì kan wà nínú pátákó rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ilé ìtàn. Ẹ tan án lórí gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ìdàgbàsókè tó lè pa wọ́n dà. Bí ẹ bá ń gbé e síta lórí Steam Workshop, ibi tí àwọn tó ń ṣe géèmù náà ti ń pín iṣẹ́ wọn, láti inú Content Manager, ẹ kọ èyí sínú àlàyé yín, kí ẹni tó bá gbà á mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo gbé kọ̀ǹpútà padà lọ sí agboolé náà lẹ́yìn oṣù méjì. Àlàájà kò tíì wo ilé rẹ̀ láti òkè rí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá fi ìka kan páànù mẹ́ta yẹn.

“Yàrá ìyá ọkọ mi nìyí. Èmi ni mo ra páànù yẹn, òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.” Ó tún sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. “Kànga ńkọ́?”

Mi ò ṣe kànga. Ẹ̀yìnkùlé ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, mo ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, mo sì fò ó. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí Blender. Òbìrí kan tó ní ìgun mẹ́jọ, ìbú mítà 1.2, gíga sẹ̀ǹtímítà 80, mítà 2 sí ògiri ilé ìdáná. Ẹ kun àárín rẹ̀ ní dúdú, ẹ fi páànù onígun mẹ́rin kan bo ìdajì ẹnu rẹ̀, ẹ fi Ctrl+J so ó mọ́ ilé, kí ẹ tún un kó jáde.